Màmá mi àti kílíníìkì ṣúgà: ta ló yẹ kó lọ síbi ńlá, ìgbà wo ló sì yẹ kó lọ?

Ìyá_Ìbejì_Adìgbẹ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Màmá mi, ẹni ọdún 67, ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ wọn sì máa ń ru. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń sọ pé ojú àwọn ń ṣe bàìbàì. Mọ́ńdè tó kọjá, aago márùn-ún ìdájí la kúrò nílé. Nígbà tí a máa fi dé ilé ìwòsàn ìjọba ńlá kan (ẹ má bi mí léèrè orúkọ ibẹ̀), bí ogójì èèyàn ti jókòó ṣáájú wa. Aago mẹ́ta ọ̀sán la tó wọlé, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a fi jáde. Dókítà kọ lẹ́tà réfárà fún wa, pé ká lọ rí dókítà ojú. Àwọn ti ojú ní ọjọ́ tiwọn yàtọ̀, pé ká padà wá lóṣù tó ń bọ̀.

Gbogbo ìyẹn ò dùn mí tó ti màmá, tí wọn ò fi nǹkan kan ẹnu láti alẹ́ Sọ́ńdè nítorí àyẹ̀wò ṣúgà. Nígbà tó fi máa di aago kan, ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n, òógùn bò wọ́n, mo rò pé oòrùn ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú aláìsàn yìí nílé, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ṣé dandan ni ká máa gbé gbogbo nǹkan lọ síbi ńlá? Àbúrò mi tiẹ̀ ní ká kúkú gbé wọn lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì n'Ìbàdàn.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Kì í ṣe oòrùn o. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ṣúgà wọn ló já wálẹ̀. Bí ẹni tó ń lo oògùn ṣúgà bá ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, ẹ fún un ní míńírà tàbí omi tí ẹ po ṣúgà sí, lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó wá nọ́ọ̀sì kiri. Ṣúgà tó já lè pa èèyàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Èyí tó ga máa ń fara balẹ̀ ṣe tirẹ̀.

Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ní ká má jẹun fún, bíi wákàtí mẹ́jọ ló ń fẹ́. Tí wọ́n bá ti jẹun alẹ́ ní aago mẹ́sàn-án, aago méje àárọ̀ ti tó láti fa ẹ̀jẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí lábù kí ẹ tó lọ jókòó de dókítà. Tí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ náà tán, kí màmá jẹun níbẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n lo oògùn wọn, kí wọ́n wá jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú tó bá wù ú. Mo ti rí ìyá arúgbó tó dákú lórí bẹ́ǹṣì nítorí pé ó rò pé dókítà gbọ́dọ̀ bá òun ní àìjẹun. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Àyẹ̀wò kan tún wà tó ń wo bí ṣúgà ṣe ṣe sí ní oṣù méjì mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyẹn ò bèèrè ebi rárá.

Ọ̀rọ̀ ojú wàyí. Ẹni tó bá ní ṣúgà, ọdọọdún ló yẹ kó rí dókítà ojú, kódà kó máa ríran bí ẹyẹ àṣá. Ohun tí ṣúgà ń bàjẹ́ nínú ojú, kì í ṣeni ní nǹkan kan títí yóò fi pẹ́ jù. Nítorí náà ẹ má jókòó de oṣù tó ń bọ̀. Ẹ mú lẹ́tà réfárà yẹn lọ sí ẹ̀ka ojú fúnra yín, ẹ sọ fún wọn pé aláìsàn ṣúgà tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà ni. Gbólóhùn yẹn gan-an ni kí ẹ sọ. Bó bá wá jẹ́ pé lójijì ni ojú kan ṣókùnkùn, tàbí tó dà bíi pé wọ́n ta aṣọ sí i, pàjáwìrì nìyẹn, ẹ ò níláti bá ẹnikẹ́ni sọ déètì.

Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, kí n sì sọ ohun tí ojú mi rí. Àwọn tí kò yẹ kó wà ní kílíníìkì dókítà àgbà ló ń kún ibẹ̀, àwọn tó yẹ kó wà níbẹ̀ ló ń pẹ́ dé. Ṣé ẹ mọ bí ìjọba ṣe to iṣẹ́ yìí? Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà wà lábẹ́ ìpínlẹ̀, bíi State Hospital tó wà n'Íjàyè. FMC (Federal Medical Centre) Ìdí-Àbà jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, láti 1993. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti balẹ̀, tó kàn fẹ́ gba oògùn oṣù kan, kí ló ń wá lọ́dọ̀ kọnsọ́tántì, dókítà àgbà? Ṣùgbọ́n òun ni yóò dé ní aago mẹ́rin ààbọ̀ òru. Ẹni tí apá òsì rẹ̀ ti rọ, tí wọ́n gbé wá láti abúlé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò jókòó sí.

Ọmọ_Aládìrẹ_Ìtòkú

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú o, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ bíi pé àwa la ya aláìgbọ́ràn. Mo gbé ọmọ mi tí ara rẹ̀ gbóná lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà kan láàárín ìlú níbí, aago mẹ́jọ alẹ́, géètì wà ní títì. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kò sí oògùn, kí n lọ rà á níta. Ta ni yóò tún wá gbé mi lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta? Nígbà tó jẹ́ pé owó kórópe kan náà ni, mo máa kúkú lọ síbi tí mo ti mọ̀ pé mo máa bá dókítà.

Ìyá Ìbejì, ìmọ̀ràn tèmi nìyí. Ẹ má lọ ní Mọ́ńdè mọ́ tí kì í bá ṣe ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Mọ́ńdè àti ọjọ́ tí wọ́n bá ti ìsinmi dé, gbogbo ayé ló wà níbẹ̀. Tí àwọn dókítà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìyanṣẹ́lódì, ẹ fún wọn lọ́sẹ̀ méjì. Tí òjò bá rọ̀ láàárọ̀, ẹ gbé agboòrùn kẹ́ ẹ lọ, èrò á dínkù. Emi ò lọ ní ọjọ́ ọjà rárá, àmọ́ nítorí ọjà tèmi nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Àbúrò mi, òótọ́ lo sọ, mi ò bá ọ jà. Géètì tí wọ́n tì kì í ṣe ẹ̀bi ìyá ọmọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí èèyàn fi ojú ara rẹ̀ wo èyí tó sún mọ́ ọn kó tó dìídì pa á tì. Òmíràn wà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ju bí a ṣe rò lọ. Níbi tí ìkan ò bá ti dára, jẹ́nẹ́rà ṣì wà láàárín.

Ìyá Ìbejì, ẹ fi owó Ìbàdàn yín pamọ́. UCH ti ń ṣiṣẹ́ láti 1957, àwọn àgbà dókítà ibẹ̀ ò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ojú màmá yín ṣeé wò níbí. Tó bá ju agbára wọn lọ, àwọn fúnra wọn ni yóò kọ lẹ́tà. Bẹ́ ẹ bá lọ láìní lẹ́tà, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n á ti mú yín.

Oyèkúnlé_Agbo

Ewúro ni kẹ́ ẹ máa gún fún màmá láàárọ̀ lálẹ́, kẹ́ ẹ yé dààmú ara yín.

Fàmásíìtì_Pánṣẹ́kẹ́

Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ó lè jẹ́ pé ṣúgà màmá yìí ló já wálẹ̀. Ewúro lórí oògùn ṣúgà lè tún tì í wálẹ̀ sí i. Mi ò ní ká má jẹ ewúro, èmi náà ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń gún un mu.

Èmi máa ń jókòó sídìí káńtà, mo sì ń rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn kílíníìkì. Èèyàn á lo odindi ọjọ́ kan, á gba ìwé oògùn, á ra ti ọ̀sẹ̀ méjì, ara á yá, ó parí. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà á tún padà sọ́dọ̀ kọnsọ́tántì ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Irú wọn pọ̀ ju àwọn tí òwò agbo kó lọ.

Ohun mẹ́ta tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi. Ẹ kó gbogbo oògùn tí màmá ń lo sínú ọ̀rá kan, páálí àti páálí, kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ẹ má sọ pé "funfun kékeré yẹn". Ẹ fi fóònù ya àwòrán gbogbo èsì lábù kẹ́ ẹ tó fi í sílẹ̀, nítorí fáìlì máa ń sọnù, mo ti rí i, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé kì í sọnù ò tíì rí ilé ìwòsàn ìjọba rí. Ẹ̀kẹta ni ti NHIA, ìṣèdúró ìlera ti ìjọba àpapọ̀. Bí ẹ bá wà lábẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí orúkọ yín wà ló gbọ́dọ̀ kọ réfárà, kí HMO yín, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ìṣèdúró náà, sì fún wọn ní kóòdù. Bí ẹ bá rìn wọlé bá dókítà àgbà láìsí kóòdù, owó àpò yín lẹ máa san, àfi tó bá jẹ́ pàjáwìrì. Tí kóòdù bá wà, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn lẹ máa san. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń san owó gọbọi láìmọ èyí, ẹ ò lè gbà gbọ́ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Òfin 2022 ti ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wà lábẹ́ ìṣèdúró ìlera, Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ fún ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ìjọba. Ọmọ Aládìrẹ, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí.

Ọlọ́kadà_Ọbáńtokò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ibi tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ dárúkọ. Wárápá ló ń ṣe àbúrò mi ọkùnrin láti ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ọdún mẹ́fà la fi gbé e káàkiri. Ọ̀dọ̀ aláàfáà, orí òkè, ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ní ká máa sun nǹkan sí i nímú. Nígbà tí ẹnìkan sọ fún ìyá wa pé Arò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà nílùú wa, ni ká gbé e lọ, wọ́n bú sẹ́kún, pé ọmọ àwọn kì í ṣe wèrè. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nílùú yìí, bí a bá fẹ́ bú ara wa, "Arò ló yẹ ọ́" la máa ń sọ.

Bẹ́ẹ̀, wárápá wà lára ohun tí wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn lórí, ẹ̀rọ kan ń ya ìlà lórí ìwé, kò dùn ún rárá. Wọ́n kọ oògùn. Oṣù kẹjọ rèé, kò tíì ṣubú. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ télọ̀ tó ń kọ́. Ìyá wa ti wá di ẹni tó ń júwe ọ̀nà Arò fún èèyàn.

Mo wá ní nǹkan kan tí mo ṣàkíyèsí. Mo ti ń gbé èrò lọ sí Arò fún ọdún mẹ́ta báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò jẹ́ kí n gbé wọn dé géètì. "Já mi síbí yìí, ẹ̀gbọ́n." Wọ́n á fa fìlà bojú, wọ́n á fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Ìyàwó ilé kan tí kò rí oorun sùn láti ìgbà tó bímọ, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo gbé òun. Mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò mọ ọkọ rẹ̀, ta ni mo fẹ́ sọ fún?

Àgbà_Ìbarà

Ìwọ ọmọ yìí, ìbùkún fún ọ. Lántòro ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1944, Arò fúnra rẹ̀ ṣí ní 1954, Thomas Adéoyè Lambo ló sì darí rẹ̀, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta. Ohun tó ṣe ni pé ó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ẹbí kọ̀ọ̀kan wà pẹ̀lú aláìsàn tirẹ̀, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ kí wọ́n sì padà sílé. Àwọn òyìnbó wá láti òkèèrè wò ó. Lambo di igbákejì olùdarí àgbà WHO, àjọ ìlera àgbáyé, lẹ́yìn náà. Gbogbo ayé mọ Arò sí ibi ọgbọ́n, àwa tó kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ là ń fa fìlà bojú wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí ara mi, nítorí àwọn ọkùnrin ni mo fẹ́ bá wí. Ọdún méjì ni mo fi ń jí lẹ́ẹ̀márùn-ún lóru láti tọ̀. Mo ní àgbà ni. Ìyàwó mi ní kí n lọ, mo ní kó gbọ́ ti ara rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kan, ìtọ̀ dé, kò jáde. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sunkún bí ọmọdé nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Rọ́bà tó ń fa ìtọ̀ jáde ni wọ́n fi tú mi sílẹ̀. Ọjọ́ tí mo wá dé kílíníìkì pírósítéètì, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọkùnrin tó ń dí ọ̀nà ìtọ̀, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, àwa tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, rọ́bà ló wà nítan èyí tó pọ̀ jù nínú wa. Kò sẹ́ni tó wá nígbà tó ṣì kéré. Àwọn obìnrin ní kílíníìkì tó kàn wá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pín ẹ̀pà jẹ. Ara wọn tiẹ̀ le ju tiwa lọ.

Ẹ̀yin ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún, tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín ti ní àìsàn pírósítéètì rí, ẹ lọ bi dókítà léèrè. Fífa ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àbíkẹ́yìn_Bàbá

Ẹ ṣé bàbá, ẹ mú mi rántí bàbá tèmi. Ti kíndìnrín ni tiwọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn ò tọ́jú ló bà á jẹ́. Nígbà tí wọ́n máa fi sọ fún wa pé ó ti di ti fífọ ẹ̀jẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ti wú bí òpó.

Ohun tí ẹni tí kò tíì wọ ibẹ̀ ò mọ̀ ni pé fífọ ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan kó tán. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni, bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Nítorí owó, àwọn èèyàn á máa fi àyè sí i. Ẹni tó yẹ kó wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ á wá lẹ́ẹ̀kan, tó bá yá, ó di ọjọ́ mẹ́wàá, tó bá yá, a ò rí i mọ́. A kì í béèrè. Bẹ́ǹṣì rẹ̀ á kàn ṣófo.

Ẹ gbọ́ èyí: ní oṣù kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn dín owó fífọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kù láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, FMC Abẹ́òkúta sì wà lára wọn. Ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè iye tó jẹ́ lónìí àti bí wọ́n ṣe ń to èrò, kẹ́ ẹ tó gbé aláìsàn.

Ìyá Ìbejì, màmá yín ní ṣúgà, wọ́n tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ jọ̀ọ́, yàtọ̀ sí ojú, ẹ ní kí wọ́n yẹ kíndìnrín wọn wò lọ́dọọdún. Ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa gbà. Ká ní ẹnìkan sọ fún wa nígbà náà.

Ọmọ_Kámpù

Ẹ jọ̀ọ́, ikọ́ ń ṣe rúùmeètì mi, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń rù, ó ń làágùn lóru. Ṣé FMC náà ni?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Rárá, ọmọ mi. Ikọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tàbí jẹ́nẹ́rà tó bá ní ẹ̀ka rẹ̀ ti tó. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò náà, ọ̀fẹ́ ni oògùn, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fi lò ó, kó má sì dá a dúró nígbà tí ara bá yá lóṣù kejì. Ẹ ṣí fèrèsé yàrá yín. Lọ́la ni kí ó lọ, kì í ṣe lẹ́yìn ìdánwò.

Ìyá_Ìbejì_Adìgbẹ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n wá jábọ̀. Mo gbé lẹ́tà náà lọ sí ẹ̀ka ojú lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo sọ gbólóhùn Nọ́ọ̀sì Àgbà bó ṣe wà. Obìnrin tó wà nídìí fáìlì wò mí tìyanutìyanu, ó ní ta ló kọ́ mi. Ọjọ́ Túsìdeè tó tẹ̀ lé e ni wọ́n rí màmá. Ẹ̀wà la gbé dání nínú fúláàsì, àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bá wa jẹ ẹ́.

Wọ́n kán oògùn kan sí wọn lójú kí inú ojú lè ṣí dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú ẹni tí yóò di aláìsàn lọ́wọ́ dání, wọn ò ríran gidi fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, oòrùn tún ń ta wọ́n lójú. Dókítà ní ṣúgà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀yìn ojú, ṣùgbọ́n pé a ò tíì pẹ́ jù. Wọ́n á tún rí wọn lóṣù mẹ́ta sí i. Wọ́n ti gba ìtọ̀ nítorí kíndìnrín, èsì ò tíì jáde. Ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, jẹ́nẹ́rà la ó ti máa gbà á báyìí.

Màmá ní kí n kí yín. Wọ́n ní kí n bá wọn béèrè lọ́wọ́ Àgbà Ìbarà bóyá wọ́n ti yọ rọ́bà.

Àgbà_Ìbarà

Ẹ bá mi kí màmá. Wọ́n ti yọ ọ́. Oṣù kẹta rèé.